Ṣé ewé lásán ló ń dá tírénì dúró? Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà ojú irin, ẹ gbà wá

ÌyáTòbí_Kent

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè ni mo bá wá, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, aago 7 àárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹni tó ṣe alẹ́ tó lè lọ sílé lọ sùn, torí náà tírénì aago 5:30 ni mo máa ń wọ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó ti ń pẹ́ lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 8, ìṣẹ́jú 12, ọjọ́ kan wà tó tó 25. Ohun tí wọ́n sì ń kéde ni pé ojú irin ń yọ̀ torí ewé wà lórí ẹ̀. Ewé o! Ọkọ̀ tó wúwo tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù!

Lánàá dẹ́rẹ́bà wa ń rìn bí ìgbín, tó bá ti ku díẹ̀ ká dé tẹ́ṣàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra láti ọ̀nà jíjìn réré, mo yọjú wo fèrèsé, mi ò rí nǹkankan. Ọ̀gá mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé, ó sì ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa tí mo bá sọ pé ewé ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye, ṣé òótọ́ ni àbí àwáwí?

Abíọ́lá_Lewisham

Àwáwí ni jàre, ìyá Tòbí. Ọdún 14 ni mo ti wà níbí, gbogbo ìgbà tí igi bá ti ń wọ́wé ni wọ́n ń kọ orin yẹn. Ilẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe relùwéè láyé, kí ewé máa dá wọn dúró? Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í dín kù ní tiẹ̀, kò sígbà tí ewé bá a wí.

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Ìyá Tòbí, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú o, Ọlọ́run á fún yín lókun. Bọ̀dá Abíọ́lá, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ kà á dópin torí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó ni mí, dẹ́rẹ́bà tírénì ni mí ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ ewé. Nínú gbogbo nǹkan tó ń já mi láyà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ewé ló ṣìkejì, lẹ́yìn kí èèyàn bọ́ sójú irin.

Ẹ wo wíìlì tírénì, irin ni. Ohun tó ń gùn, irin ni. Ibi tí irin méjèèjì ti fara kanra kò ju èékánná àtàǹpàkò yín lọ, lábẹ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọkọ̀ yẹn, àtàwọn èrò inú ẹ̀, ibi kéékèèké yẹn ni wọ́n dúró lé. Nígbà tí irin bá mọ́ tó sì gbẹ, kò sí wàhálà, wíìlì máa ń mú irin dáadáa. Àmọ́ ewé, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe rò ó ni o. Kì í ṣe pé ewé kó jọ bí ààtàn sójú ọ̀nà tẹ́ ẹ máa rí i láti fèrèsé. Atẹ́gùn ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń gbé ewé láti ilẹ̀ wá sábẹ́ wíìlì, wíìlì á lọ̀ ọ́ mọ́ irin, òmíràn á tún lọ̀ ọ́, bí ọkọ̀ bá ti kọjá lórí ẹ̀ tó ogún ó di nǹkan dúdú kan, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán, tó le bí ìdí ìkòkò tó jóná. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, olùkọ́ wa gbé irin tí wọ́n gé wá sórí tábìlì, èyí tí nǹkan dúdú yẹn wà lára ẹ̀, ó ní ká fi èékánná họ ọ́. Kò họ. Ó wá mú kànìnkànìn tútù, ó fún omi díẹ̀ sí i lórí, ó ní ká fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin èèyàn mi, ewédú! Ó yọ̀ ju ewédú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sọ ọ́. Lórí irin tó gbẹ, agbára tí wíìlì fi ń mú irin lè tó ìdá 20 sí 30 nínú 100 ìwúwo ọkọ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá tẹ búréèkì dópin lọ́nà tó yẹ, 9 nìkan ni ọkọ̀ wa nílò. Ti pàjáwìrì gan-an, 12. Àmọ́ tí ewé bá bo irin tí ìrì wá sẹ̀ sórí ẹ̀, ohun tí irin lè fún mi lè má ju 2 tàbí 3 lọ. Ní eré 60 máìlì ní wákàtí kan, tí mo bá rí 9 yẹn gbà, nǹkan bíi 400 mítà ni màá fi dúró. Tó bá jẹ́ 2 ni irin ní, ó máa lé ní 1,800 mítà. Ẹ fojú inú wò ó. Tẹ́ṣàn wà níwájú, sígínà pupa wà lẹ́yìn ẹ̀, ọkọ̀ míì lè wà lẹ́yìn sígínà yẹn, èmi sì ń lọ bíi pé wọn ò fi búréèkì sí ọkọ̀.

Ìdí tí dẹ́rẹ́bà yín fi ń rọra láti ọ̀nà jíjìn réré nìyẹn, ìyá Tòbí. Èèyàn dáadáa nìyẹn.

Ṣeun_A

Ẹ kú àlàyé sà. Mo ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, mo fẹ́ béèrè. Mọ́tò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbọin kó máa wọ́ téèyàn bá tẹ búréèkì, tírénì ò ní nǹkan tó jọ ọ́ ni? Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò lè bá yín ṣe é?

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Ó ní i, àbúrò. WSP (Wheel Slide Protection) la máa ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń ka bí wíìlì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, tó bá rí i pé ọ̀kan fẹ́ dúró gbọin nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, á tú búréèkì ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀, á tún fi mú un, á tún tú u. Tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ gbọ́ ṣìì, ṣìì, ṣìì lábẹ́ àga yín bí ọkọ̀ ṣe ń wọ tẹ́ṣàn, òun nìyẹn, afẹ́fẹ́ búréèkì ló ń jáde. Ó ń gba wíìlì náà lọ́wọ́ ìparun, torí wíìlì tó bá dúró tó ń wọ́ lórí irin, irin á gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan pẹrẹsẹ, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó máa gbọ́ gbà-gbà-gbà-gbà látìgbà yẹn títí wọ́n á fi gbé e lọ fá a kó tó tún rí róbótó. Ní ìgbà ìwọ́wé, àwọn ẹ̀rọ tó ń fá wíìlì kì í sinmi.

Àmọ́ WSP ò lè dá agbára tí kò sí sílẹ̀. Tí irin bá ní 2 nílé, 2 náà ló máa fún ẹ, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà ẹ gbọ́n tó. Ohun tó lè fi kún un ni yanrìn.

Yanrìn yìí wà nínú àpótí lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀pá kan á wá látibẹ̀ síwájú wíìlì, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ jáde sórí irin. Wíìlì á lọ̀ ọ́, á wá rí nǹkan mú. Nínú ọkọ̀ tí mò ń wà, tí búréèkì bá ti wọ ìpele kejì tí wíìlì sì ń yọ̀, yanrìn á jáde fúnra ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ míì wà tí dẹ́rẹ́bà ló máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀.

ỌmọÒṣogbo

Ọ̀rọ̀ yanrìn yìí mú omi bọ́ lójú mi. Mo kí gbogbo yín o. Ẹni ọdún 71 ni mí, bàbá mi ṣiṣẹ́ relùwéè nígbà ọkọ̀ tó ń jẹ èédú, fáyámáànù, ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná ọkọ̀, ni kó tó di dẹ́rẹ́bà. Ó máa ń sọ fún wa pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún òun kí wọ́n tó jẹ́ kóun fọwọ́ kan ṣọ́bìrì ni kóun máa yan yanrìn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń yan án lórí iná bí ẹní ń yan gàrí, wọ́n á jọ̀ ọ́, kó gbẹ táútáú, torí yanrìn tó bá tutù á dì sínú ọ̀pá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá a kò ní jáde. Ó ní ọ̀gá wọn á fọwọ́ bù ú, á jẹ́ kó máa ṣàn láàárín ìka ẹ̀, tó bá dì pọ̀ báyìí, ẹ padà lọ yan án.

Bàbá á máa sọ pé lórí òkè, tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù, tí òjò bá ń ṣẹ́ winniwinni, wíìlì á kàn máa yí lórí ìdúró, ọkọ̀ ò ní kúrò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà á túbọ̀ ṣí i sí i, wíìlì á túbọ̀ máa sáré lásán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dín in kù, á fi yanrìn sí i, á rọra ṣí i padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní etí lòun fi ń wakọ̀ nígbà yẹn, ohùn ọkọ̀ ló ń sọ fún un.

Èyí tí Abíọ́lá sọ pé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ orin ewé, mo gbé ní Ìlú Ọba fún ọdún 20, mo sì fẹ́ràn relùwéè, ẹ jẹ́ n fi kún un. Nígbà ọkọ̀ èédú, wọn ò jẹ́ kí igi hù lẹ́bàá ojú irin rárá, torí iná tó ń ta jáde láti ara ọkọ̀ lè jó gbogbo igbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gé e, wọ́n ń sun ún. Ọdún 1968 ni British Rail, iléeṣẹ́ relùwéè ìjọba wọn nígbà yẹn, fi ọkọ̀ èédú sílẹ̀ pátá. Kò sí iná tó ń ta mọ́, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gé igi mọ́. Igi tó hù nígbà yẹn ti ju ọdún 50 lọ báyìí, òun ló ń wọ́wé sórí irin yín.

Ṣeun_A

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ èyí rí láyé mi. Ṣé wọ́n ò wá lè gé gbogbo ẹ̀ báyìí?

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yanrìn tó dì sínú ọ̀pá yẹn, màá padà sórí ẹ̀, torí èèyàn ti kú sí i.

Ṣeun, wọ́n ń gé e, àmọ́ wọn ò lè gé e tán. Gbòǹgbò igi ló mú ẹ̀gbẹ́ òkè dúró níbi tí wọ́n gbẹ́ ojú irin gbà, tí wọ́n bá gé gbogbo ẹ̀ ilẹ̀ lè ya wá sórí irin. Òmíràn tún wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹyẹ ń pamọ síbẹ̀, òfin sì wà lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé láti October títí wọ December, Network Rail, àwọn tó ń bójú tó ojú irin níbí, ní àwọn ọkọ̀ pàtàkì tó ń fọ irin ní òru. Omi ni wọ́n ń fi fọ̀ ọ́, àmọ́ kì í ṣe omi ẹ̀rọ ilé, agbára ẹ̀ jẹ́ 1,500 bar. Táyà mọ́tò yín ò ju 2 sí 3 lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn, wọ́n á tún da nǹkan kan sí i bíi ẹ̀kọ tútù, yanrìn àti irin lílọ̀ ló wà nínú ẹ̀, Sandite la máa ń pè é.

Àmọ́ ọkọ̀ yẹn ò lè wà níbi gbogbo. Ó lè fọ ọ̀nà yín laago 2 òru, kí atẹ́gùn fẹ́ laago 4, kẹ́ ẹ wọkọ̀ laago 5:30.

Kúnlé_NJ

Ẹ kú àtàárọ̀ láti New Jersey. Àwa náà ń rí i níbí o, kì í ṣe ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì nìkan. NJ Transit, iléeṣẹ́ tírénì wa níbí, ní ti wọn tí wọ́n ń pè ní AquaTrack, omi ló ń tú sórí irin pẹ̀lú agbára 20,000 psi (bíi 1,380 bar). Ìyàwó mi ń wọ tírénì lọ síṣẹ́ ní Manhattan, gbogbo ìgbà tó bá di October sí November ló ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní kùtù sí i.

Ẹ̀gbọ́n Dẹ́rẹ́bàOjúIrin, ṣé ọkọ̀ ti yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ rí?

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Ó ti yọ̀ o, Kúnlé. Ọdún kẹta mi. Mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ àmọ́ màá sọ ọ́.

Aago 6 kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́, òjò ń ṣẹ́ winniwinni, ìyẹn ló burú jù, ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un: òjò ńlá kì í bà wá lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ torí ó máa ń fọ irin mọ́. Ìrì àti òjò winniwinni ni ọ̀tá, wọn ò pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́, wọ́n kàn pọ̀ tó láti sọ ọ́ di ewédú. Mò ń sún mọ́ tẹ́ṣàn kékeré kan nínú igbó, ibi tí mo ti máa ń tẹ búréèkì láti ọdún méjì ni mo ti tẹ̀ ẹ́, ìpele kejì, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà ooru. Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré wà ní 45, ó sì já wálẹ̀ lójijì, ó di 0. Mo gbójú sókè. Igi ṣì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, wáá wáá wáá. Wíìlì tí ẹ̀rọ ń kà ti dúró, ọkọ̀ ò dúró. Ohùn iṣẹ́ tí mo mọ̀ ti lọ, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́ àfi ṣìì ṣìì yẹn. Iná pèpéle tẹ́ṣàn wọlé, mo rí obìnrin kan tó gbé báàgì dúró, mo rí i tó ń wò mí tí mò ń kọjá. Ọkọ̀ náà dúró nígbà tí kóòṣì méjì ti kọjá ìparí pèpéle.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbé fóònù pe ẹni tó ń darí sígínà. Mo sọ ibi tí mo wà, mo ní irin ń yọ̀ burúkú níbí. Ó bi mí pé ṣé mo wà dáadáa. Ìyẹn ni mo rántí jù, pé ó kọ́kọ́ béèrè èmi. Lẹ́yìn náà ló dá gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ bínú gan-an, ọkùnrin kan gbá ilẹ̀kùn mi pé ṣé mò ń sùn ni. Mi ò dá a lóhùn, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa wí.

Látìgbà yẹn ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Kété tí mo bá ti kúrò nílé ọkọ̀ láàárọ̀, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́ tí kò sí nǹkan níwájú, màá tẹ búréèkì díẹ̀ wò, kì í ṣe torí mo fẹ́ dúró, mo fẹ́ mọ bí irin ṣe rí lónìí. Mo ní ibì kan tí mo máa ń tẹ búréèkì fún tẹ́ṣàn kọ̀ọ̀kan nígbà ooru, afárá kan, igi odán kan, pátákó kan. Tó bá ti di October mo ti pa gbogbo ẹ̀ tì, màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà tó ìlọ́po méjì, ìpele kìíní péré, màá dúró, màá tẹ́tí, màá wo abẹ́rẹ́. Tó bá mú, á dáa, mo lè tú u díẹ̀. Tí kò bá mú, mo ṣì ní àyè níwájú. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n tẹ̀ ẹ́ pẹ́ kí n wá tẹ̀ ẹ́ gidi. Tí mo bá fẹ́ gbéra náà, bí bàbá wa ṣe sọ, díẹ̀díẹ̀ ni, màá ṣí i sí ìpele kìíní, màá jẹ́ kó mú irin kí n tó bèèrè òmíràn. Gbogbo ìyẹn ló ń jẹ ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú kan níbí, ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ́hùn-ún, tẹ́ṣàn 14, ẹ ti pẹ́ nìyẹn.

Abíọ́lá_Lewisham

Ẹ̀gbọ́n, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ lókè. Èmi náà ti wà lára àwọn tó ń pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà rí, n ò mọ̀. Ẹ ní èèyàn ti kú, kí ló ṣẹlẹ̀?

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Kò sí ìbínú rárá, Bọ̀dá Abíọ́lá.

Mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ wa jù. November 2010, tírénì kan láti London ń lọ sí Hastings, ó yẹ kó dúró ní Stonegate, ní East Sussex. Dẹ́rẹ́bà tẹ búréèkì, ọkọ̀ kọjá tẹ́ṣàn, ó tún yọ̀ lọ tó ju máìlì 2 lọ kó tó dúró. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sí ẹni tó fara pa. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí yanrìn tó wà níwájú, yanrìn ò sí níbẹ̀.

Ìkejì, October 31, 2021, ní Salisbury, ọjọ́ Sunday, alẹ́. Tírénì tó ń ti London Waterloo bọ̀ yọ̀ kọjá sígínà pupa, ó kọ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ míì níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, lẹ́nu ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ojú irin gbà kọjá, Fisherton. Dẹ́rẹ́bà fara pa gan-an, àwọn èrò náà fara pa. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ojú irin, RAIB, ní ewé ni, ojú irin ti burú ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ní dẹ́rẹ́bà náà ì bá ti tẹ búréèkì ṣáájú ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Torí èmi náà ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́ rí, kóòṣì méjì péré ni tèmi ná mi.

Ìkẹta ni Talerddig, ní Wales, October 21, 2024. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà lọ́nà yẹn, ibi tí ọkọ̀ méjì ti máa ń yà fúnra wọn ni dẹ́rẹ́bà fẹ́ dúró sí. Ó tẹ búréèkì, ọkọ̀ yọ̀, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó jáde sórí irin kan ṣoṣo yẹn, ó yọ̀ lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan, ọkọ̀ kejì sì ń bọ̀. Wọ́n kọ lura. Èrò kan kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, yanrìn wà nínú àpótí, àmọ́ ọ̀pá tó ń gbé e jáde ti dí. Bàbá ỌmọÒṣogbo, ohun tí ọ̀gá bàbá yín ń fọwọ́ bù wò ló ṣì ń pa èèyàn títí di òní.

Ìdí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi fi ọ̀rọ̀ yanrìn ṣeré nìyẹn. Lójoojúmọ́ kí n tó gbé ọkọ̀ jáde mo máa ń béèrè pé ṣé wọ́n ti yẹ yanrìn wò, tí wọ́n bá ní ó kù díẹ̀, màá dúró kí wọ́n rọ ọ́, bó bá fẹ́ pẹ́ kó pẹ́.

ỌmọÒṣogbo

Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún ẹni tó lọ. Ó dùn mí.

Ṣeun_A

Ìbéèrè kan péré ló kù sà. Ní ilé ńkọ́? Lagos–Ìbàdàn, Blue Line, Red Line, a ò ní ìgbà ìwọ́wé bíi ti ibí.

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Mi ò wakọ̀ nílé rí Ṣeun, àmọ́ irin ni irin ń jẹ́. Ohun gbogbo tó bá ti wọ àárín wíìlì àti irin ló lè fa wàhálà: epo tó ń jò, ìpẹtà, eruku. Ẹ rántí òjò àkọ́rọ̀. Gbogbo ẹni tó ń wa ọ̀kadà mọ̀ pé òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú, kì í ṣe ti July. Eruku àti epo oṣù mẹ́rin ló pò pọ̀ mọ́ omi díẹ̀. Bó ṣe rí lórí irin náà nìyẹn, ìpẹtà díẹ̀ pẹ̀lú òjò winniwinni á di bí amọ̀ lórí ẹ̀, ewé tiẹ̀ lè má sí níbẹ̀ rárá.

Kódà ọ̀kùn ń ṣe é. Ọ̀kùn tó ń rìn nílẹ̀ yìí! Ní Japan, ní 1920, ọ̀kùn pọ̀ lórí irin débi pé tírénì dúró, wọ́n ṣì ń pe irú ọ̀kùn yẹn ní ọ̀kùn tírénì títí dòní. Ní Clarkson ní Australia, 2013, tírénì kọ lu èyí tó dúró ní tẹ́ṣàn, ọ̀kùn tí wíìlì tẹ̀ fọ́ ni wọ́n fura sí.

Nǹkan míì tó burú tí àwọn èèyàn ò mọ̀: nǹkan dúdú yẹn lè bo irin débi pé iná mànàmáná kékeré tó ń gba inú irin kọjá sí wíìlì ò ní ráyè kọjá mọ́. Iná yẹn ni sígínà fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá kọjá, ọkọ̀ wà lórí irin, ẹni tó ń darí sígínà ò ní rí i lójú pátákó ẹ̀. Ìdí kejì tí wọ́n fi ń fọ irin lóru nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni yanrìn tó bá pọ̀ jù lè ṣe é, torí náà wọn ò kàn lè máa da yanrìn síbi gbogbo.

ÌyáTòbí_Kent

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá, alẹ́ ni wọ́n fi mí sí lọ́sẹ̀ yìí. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tá a ń ka ti Wales yẹn, kò lè sọ̀rọ̀.

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́. Mo ṣàlàyé èékánná àtàǹpàkò fún un, mo sọ ti 400 mítà àti 1,800, ó ní òun náà ò mọ̀ rí. Ó ti yí aago mi padà sí 7:30 títí dé ìparí November, ẹni tó ṣe alẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà máa bá a dúró lọ́jọ́ tó bá nílò ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo jókòó sí kóòṣì iwájú. Bá a ṣe ń wọ tẹ́ṣàn kan tí igi yí ká ni mo gbọ́ ọ, ṣìì, ṣìì, ṣìì, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an. Ọkọ̀ náà ń lọ wẹ́rẹ́ bíi pé kò ní dúró, mo ti di irin iwájú mi mú, mo ń sọ pé Olúwa ṣàánú. Ó dúró. Ilẹ̀kùn iwájú kọjá àmì díẹ̀ àmọ́ ó ṣì wà lórí pèpéle. Nígbà tí mo sọ̀ mo wo ìsàlẹ̀, mo rí nǹkan fífunfun bí ìyẹ̀fun lórí irin lẹ́yìn wíìlì. Ẹ̀gbọ́n, ṣé yanrìn nìyẹn?

Dẹ́rẹ́bàOjúIrin

Yanrìn ni, ìyá Tòbí. Ó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ kú oríire ti aago tuntun o, ẹ bá mi kí ọ̀gá yín.

Tẹ́ṣàn wo ni, aago mélòó? Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Dẹ́rẹ́bà yẹn á ti ròyìn ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ń yọ̀ lójoojúmọ́, mo fẹ́ kí èmi náà sọ ọ́ kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ lálẹ́ òní, torí mo máa gba ibẹ̀ kọjá lọ́la aago 6:10.

ÌyáTòbí_Kent

Mo ti fi ránṣẹ́.